Ọgbà Òdòdó ní Elekahia, láti Ìgbà Ọyẹ́ dé Ìgbà Òjò Ńlá

Nínú ìwé ìròhìn ẹgbẹ́ wa yìí, ọ̀rọ̀ ìkómọjáde, ìgbéyàwó, ilé ṣíṣí àti ìsìnkú ni a sábà máa ń kà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí, nítorí ìròhìn ẹbí ni oúnjẹ ọkàn ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀. Lónìí, a bẹ̀ yín kí ẹ yọ̀ǹda ojú ewé díẹ̀ fún wa, kí a fi sọ̀rọ̀ òdòdó tí a gbìn síwájú ilé wa ní Elekahia, ní ìlú Port Harcourt, àti bí ó ti ń yí padà bí ìgbà ti ń yí.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Òdòdó kẹ̀? Ṣé òdòdó ni a ó sè jẹ ni?" Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá wá sí ìhín ni ó gbà pé ibùdó lásán ni Port Harcourt, kì í ṣe ilé. Owó tí a bá rí, ilé ni à ń fi ránṣẹ́ sí. Yàrá tí a ń sùn níhìn-ín, bí òrùlé rẹ̀ kò bá ti jò, ó tó. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ogún ọdún tí ènìyàn fi ń retí ọjọ́ tí yóò lọ sílé, inú ayé rẹ̀ náà ni ó ti yọ ọ́. Kò sí ẹni tí yóò san án padà fún un. Èrò tiwa ni pé ó tọ́ kí a gbé ibi tí a ń gbé, kí ojú wa sì rí ohun tí ó dára níbẹ̀ kí ọjọ́ ìrelé tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a júwe ibi tí a wà fún ẹni tí kò dé ìhín rí. Ilẹ̀ àwọn ará Ikwerre ni Elekahia. Bí ènìyàn bá ń bọ̀ ní Aba Road, tí ó yà sí Stadium Road ní apá Rumuomasi, yóò dé pápá ìṣeré ńlá tí a mọ̀ sí Liberation Stadium tẹ́lẹ̀, kí a tó wá fi orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon pè é. Elekahia ni ibẹ̀. Àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún gbígbé wà níbẹ̀, ilé àwọn onílẹ̀ wà níbẹ̀, ilé ayálégbé sì pọ̀ láàrin wọn. Trans-Amadi tí ó kún fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kò jìnnà rárá, nítorí náà ariwo ọkọ̀ kì í tán létí ẹni ní ọ̀sán.

Gbogbo Nàìjíríà ni ó mọ Port Harcourt sí Garden City, èyí nì Ìlú Ọlọ́gbà. Ní ọdún 1913 ni Lugard sọ ìlú náà ní orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà. Nígbà tí ó fi di ọdún 1916, ojú irin ti dé Enugu láti ìhín láti máa kó èédú wá sí èbúté. Ní àkókò kan náà, ìmọ̀ràn kan ti gba ayé kan nípa bí ó ti yẹ kí ìlú rí. Ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ebenezer Howard, kọ ìwé ní ọdún 1898, ó ní kí ilé, ibi iṣẹ́ àti ọgbà wà papọ̀ kí òṣìṣẹ́ lè mí afẹ́fẹ́ tí ó dára. Ní ọdún 1903 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìlú Letchworth gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tiwa, òfin àwọn òyìnbó amúnisìn ya àdúgbò wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ti ènìyàn dúdú. Àlàfo tí wọ́n là sílẹ̀ pé kí ó wà láàrin méjèèjì jẹ́ yáàdì 440. Lọ́dọ̀ wọn ni àgbàlá ti fẹ̀, ibẹ̀ ni koríko tí a gé dọ́gba àti òdòdó onírúurú wà. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé fara ti ilé. Bí ènìyàn dúdú bá wọ inú ọgbà wọ̀nyẹn, aṣọ́gbà ni, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀. Nítorí náà, nígbà tí òṣìṣẹ́ kan ní Elekahia lónìí bá gbin òdòdó síwájú ilé tí ó háyà, tí ó sì gbé àga síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má ṣe kà á sí àṣejù. Orúkọ ìlú ni ó ń mú ṣẹ, ní apá ibi tí a kò ti pète rẹ̀ fún.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọgbà kọ́ wa ni òwe tí gbogbo wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òjò ibí kì í ṣe òjò ilé. Èyí tí ó ń rọ̀ ní Port Harcourt lọ́dún lé ní mìlímítà 2,000, nígbà tí ti Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bí 1,300. Ẹni tí ó bá fi ìgbà Ọ̀yọ́ gbin nǹkan ní Elekahia, omi ni yóò kó o lọ. Ó di dandan kí a kọ́ ìgbà ibí bí ọmọdé ti ń kọ́ a, b, d.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́, ní nǹkan bí oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní. Ní ilé, ọyẹ́ a máa pẹ́; a máa la ètè, a máa gbẹ ewé títí yóò fi máa dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Níhìn-ín, nítorí pé òkun kò jìnnà, kì í dúró pẹ́. Ó lè fẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tún lọ, òjò kan sì lè ṣàdédé rọ̀ láàrin ẹ̀ẹ̀rùn. Àkókò yìí ni ọjọ́ ẹwà Bougainvillea. Kì í fẹ́ omi púpọ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń wà nínú omi ṣáá, ewé nìkan ni yóò máa yọ. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá gbẹ díẹ̀, tí oòrùn sì mú, yóò fi pupa, funfun àti àwọ̀ elése àlùkò bo ògiri títí ẹni tí ń kọjá lọ yóò fi dúró wò ó. Bí ẹ bá súnmọ́ ọn dáadáa, ẹ ó rí i pé ewé ni ohun tí ó ní àwọ̀ nì. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni èyí tí ó kéré, tí ó funfun, tí ó fara pamọ́ sí àárín.

Ilẹ̀ Brazil ni òdòdó yìí ti wá. Ní ọdún 1767, ọkọ̀ ojú omi àwọn Faransé tí Louis Antoine de Bougainville jẹ́ olórí wọn dé Rio de Janeiro. Philibert Commerson, onímọ̀ nípa igi àti ewé tí ó bá wọn lọ, ni ó kó o jọ níbẹ̀, orúkọ olórí wọn ni a sì fi pè é. Obìnrin kan wà tí ń ran Commerson lọ́wọ́, Jeanne Baret ni orúkọ rẹ̀. Nítorí pé òfin kò gba obìnrin láàyè nínú ọkọ̀ ìjọba, ó wọṣọ bí ọkùnrin, ó sì ń ru ẹrù iṣẹ́ bí ọkùnrin. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó yí ayé po. Nígbà tí àwọn ọmọ wa gbọ́ ìtàn yìí, ojú mìíràn ni wọ́n fi ń wo ògiri náà láti ọjọ́ yẹn.

Ní oṣù kẹta, òjò àkọ́rọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀ dáadáa, òórùn iyẹ̀pẹ̀ yóò sì gba inú ilé. Ìgbà yìí ni kí a gé ẹ̀ka, kí a rì í mọ́lẹ̀. Hibiscus kì í sábà so níhìn-ín. Ẹ̀ka ni a fi ń gbìn ín, bí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́. Ẹ gé èyí tí ó gùn tó bírò ìkọ̀wé, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ rì í sí ibi tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní pa á. Ẹ wo ojú òdòdó ìsápá, ti ilá àti ti òwú, kí ẹ sì wo ti Hibiscus: ọmọ ìyá ni wọ́n, inú ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ kó gbogbo wọn sí. Nítorí náà, ẹni tí ìyá rẹ̀ gbin ilá àti ìsápá kò lè sọ pé òun kò mọ òdòdó. Ọjọ́ kan péré ni òdòdó Hibiscus sábà máa ń lò. Ó là ní òwúrọ̀, ó ká jọ ní alẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òmíràn ti là. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé bá ń wọ̀ lọ́rùn, kí ó máa wò ó.

Ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ni pánsẹ́kẹ́ tí ó wà lẹ́bàá títì yóò pupa bí iná. Ọmọ Madagascar ni òun. Ixora tí àwọn ọmọdé máa ń já, tí wọ́n ń fa oyin inú rẹ̀ mu, ọmọ gúúsù Íńdíà ni. Bí a bá wò ó dáadáa, àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú òdòdó tí ó sọ ìlú yìí di ọlọ́gbà. Kò sí ẹni tí ń bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọn yóò padà sílé. Wọ́n ta gbòǹgbò, wọ́n mọ òjò ibẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ibẹ̀ lóore.

Láti oṣù kẹfà ni òjò ńlá yóò ti dé, yóò sì máa pọ̀ sí i títí dé oṣù kẹsàn-án tí ó sábà máa ń pọ̀ jù lọ. Ní ilé, òjò a máa sinmi ní oṣù kẹjọ. Níhìn-ín, ìsinmi náà kúrú débi pé ẹni tí ó bá sùn gbàgbé lè máà rí i. Ìgbà yìí kì í ṣe ìgbà gbígbìn; ìgbà ìṣọ́ ni. Kí a la ojú ọ̀nà fún omi, kí a kó iyẹ̀pẹ̀ jọ ní ebè kí gbòǹgbò má baà rà, kí a da omi inú agolo àti àwo nù nítorí ẹ̀fọn, kí a sì máa ṣa ìgbín ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Òjò tí ó pọ̀ tó báyìí a máa fọ ọ̀rá ilẹ̀ lọ, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa fún òdòdó ní oúnjẹ. Ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà dáadáa dára. Eérú tí a ń dà sídìí ẹ̀fọ́, ẹ má ṣe dà á sídìí Ixora. Ilẹ̀ kíkan ni Ixora fẹ́, bí eérú bá pọ̀ nídìí rẹ̀, ewé rẹ̀ yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan ti kàn wá tí a kò lè gbé mì. Ilé púpọ̀ ní àdúgbò ni ó ti fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ògiri, nítorí ẹrẹ̀ àti nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí. A kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n òjò tí ó rọ̀ sórí sìmẹ́ńtì kò ní ibi tí yóò wọ̀. Ojú pópó ni yóò gbà, láti ojú pópó ni yóò sì wọ yàrá ẹni tí ilé rẹ̀ rẹlẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn tí ó rí ìkún omi Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 kò nílò kí a sọ fún wọn ohun tí omi tí kò rí ọ̀nà lè ṣe. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá fi ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó ẹní méjì sílẹ̀ fún koríko àti òdòdó, ilẹ̀ yóò mu nínú omi náà. Ẹni tí ó gbin òdòdó, aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń ṣàánú.

Ọgbà a máa jẹ́rìí pẹ̀lú. Láti ìparí ọdún 2016 ni èérí dúdú kan, bí ti ìdí ìkòkò, ti bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ láti ojú ọ̀run sórí Port Harcourt. Àwọn tí ń fọ epo rọ̀bì nínú igbó láìgba àṣẹ, àti iná tí a ti ń fi sun epo tí a bá gbà lọ́wọ́ wọn, wà lára ohun tí ó fà á. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, Gómìnà Nyesom Wike pàṣẹ pé kí a dojú kọ àwọn ibi ìfọpo náà. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wa ni ewé ti sọ. Bí a bá fi aṣọ funfun nu ewé Croton ní òwúrọ̀, dúdú ni aṣọ ń dà. A máa ń fi omi fọ ewé náà, òjò sì ń bá wa fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ọmọ wa kò ṣeé fọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ máa wo ewé tí ó wà lójú fèrèsé yín. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé ó dúdú, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọdé pẹ́ níta.

Nígbà tí oṣù kẹwàá bá ń parí, òjò yóò bẹ̀rẹ̀ sí palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Kò sí ìgbà tí ó dùn tó èyí nínú ọdún. A ó tu koríko, a ó gé ẹ̀ka tí ó ti ṣe jàgídíjàgan, a ó sì gbin hóró Zinnia tí kò lè fara da òjò ńlá. Tannápoṣó náà yóò gbèrú sí i. Àwọn ìyá wa mọ òdòdó yìí dáadáa: kì í là ní ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ ni ó ń là, ó sì ń ta sánsán títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Òdòdó òṣìṣẹ́ ni a máa ń pè é nínú ilé wa, nítorí pé ìgbà tí a bá ti Trans-Amadi dé ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ojú rẹ̀ kí wa káàbọ̀.

Nínú gbogbo ohun tí a gbìn, akòko ni ó mú ọ̀rọ̀ wá jù. Ní ilé, gbogbo wa mọ̀ pé ewé akòko ni a fi ń jẹ oyè. Àwọn Ígbò ń pè é ní ogirisi. Wọ́n a máa fi í pààlà, wọ́n a sì máa gbìn ín síbi tí wọ́n bá kà sí mímọ́. Ìyá àgbà kan, ọmọ Ikwerre, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní ọjọ́ kan, ó ní kí ni àwa ará Yorùbá ń fi igi yìí ṣe. A sọ tiwa fún un, ó sọ tiwọn fún wa, ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lórí ìdúró. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é ní Mama bí ọmọ rẹ̀ ti ń pè é. Ó fún wa ní ìdò olódòdó pupa, a bu hóró tannápoṣó fún un. Ọdún mélòó ni a ti ń kí ara wa lórí ògiri láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ ohun tí ó wà nínú ẹnì kejì, igi ni ó là wá lóhùn.

Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ kò gbàgbé ọdún 1966. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, lẹ́yìn tí a ti pa àwọn ọmọ Ìlà-Oòrùn ní ìpakúpa ní Òkè-Ọya, ìjọba Ìlà-Oòrùn ní kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ agbègbè náà máa lọ sí ilẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá di ẹrù wọn láàrin ọjọ́ díẹ̀, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, ó parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, àwọn ènìyàn sì tún padà wá díẹ̀díẹ̀ sí ìlú tí ó ti di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Rivers. Àwọn kan nínú wa ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀rí pé kò yẹ kí àjèjì gbin ohunkóhun. Àwa rí i lọ́nà mìíràn. Ẹrù tí a dì lọ, ó ti gbó. Igi tí ẹnì kan gbìn kí ó tó lọ, ẹlòmíràn jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Kò sì bi í léèrè èdè tí ẹni tí ó gbìn ín ń sọ. Kò sí ẹni tí ó lè ṣèlérí fún wa pé a ó wà níbi tí a wà títí láé. Bí ó bá jẹ́ ìlérí yẹn ni a ń dúró dè kí a tó gbin nǹkan, a kò ní gbin nǹkan kan láyé, àní ní ilé pàápàá.

Ìmọ̀ràn wa nìyí, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ilé alágbàlá, ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láìrọ sìmẹ́ńtì sí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, garawa tí ìdí rẹ̀ ti lu tó fún Ixora kan. Bí ẹgbẹ́ wa bá ní ìkómọ tàbí ìgbéyàwó, ẹ jẹ́ kí a já òdòdó láti ilé ara wa dípò èyí tí a fi rọ́bà ṣe. Bí ọ̀kan nínú wa bá sì papò dà, òdòdó tí ọwọ́ wa tọ́ dàgbà ni ó yẹ kí a fi sin ín dé ibojì. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé, ẹ fi aṣọ tútù wé ẹ̀ka Hibiscus mẹ́ta, ẹ fi í sínú ẹrù yín. Yóò dé Ògbómọ̀ṣọ́ láàyè, yóò sì máa rán yín létí àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ níhìn-ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀ka tàbí hóró lọ́dọ̀ wa, kí ó sọ fún wa ní ìpàdé, a ó gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kan ilẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ohun tí a gbìn yè, kí ó sì dá ẹmí wa sí láti rí i kí ó tanná. Ire o.